Tòmátì Inú Korobá Tó Ń Jò

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí mi kò tíì ga ju ògiri balùwẹ̀ wa lọ, ibì kan ṣoṣo ni oòrùn ti ń wọ àgbàlá ilé tí a ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, lẹ́bàá ọgbà onípákó tó pààlà sí ilé kejì. Gbogbo ibi yòókù ṣókùnkùn, ó sì máa ń tutù látàárọ̀ dalẹ́, nítorí àwọn ilé ti fún mọ́ ara wọn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ bo fèrèsé lónìí kí oòrùn má baà wọlé, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé àgbàlagbà méjì lè di ọ̀tá ara wọn nítorí oòrùn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ibi tí mi ò bá ti rí i fúnra mi, màá sọ pé mi ò rí i.

Ìyá mi ni ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Èkejì ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀kánkán. Ẹja díndín ló ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ní Àpápá. Yóò la ẹja náà, yóò rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, yóò sì sá a sórí pákó níbi tí oòrùn wà yẹn kí omi ara rẹ̀ lè fà kí ó tó dín in. Ó ti ń gbé inú ilé náà kí àwa tó dé. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ti di tirẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ gbà pé gbogbo wa la jọ ń san owó ilé, torí náà kò sí ẹni tó ni oòrùn. Bí mo bá rò ó dáadáa lónìí, kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ìyá mi máa ń fọ aṣọ fún ìdílé òyìnbó kan ní Àpápá, ní apá ibi tí igi pọ̀ sí, tí ilé sì jìnnà síra. Creek Road ló máa ń gbà lọ, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti àwọn lọ́rì tó ń dúró de ẹrù. Mo máa ń bá a lọ ní ọjọ́ Sátidé. Lára ọgbà ilé òyìnbó náà ni mo ti kọ́kọ́ rí tòmátì wẹ́wẹ́ tí mo ń sọ yìí. Ó ń fà bí ìtàkùn, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi, èso rẹ̀ sì so jìngbìnnì. Èso kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju ọmọ ayò lọ. Ìyá mi ṣa mélòó kan tó ti já sílẹ̀, ó sì fi ọ̀kan sí mi lẹ́nu. Tòmátì ọbẹ̀ ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Èyí kò jọ ọ́ rárá, ó dùn bí èso igi. Mi ò ní sọ pé ó dùn ju gbogbo ohun tí mo ti jẹ láyé lọ, nítorí ọmọdé ni mí, ebi sì sábà máa ń pa mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó dùn.

Nígbà tí a délé, ìyá mi fún hóró àwọn tó kù jáde, ó pò ó mọ́ eérú, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná lókè ààrò, bí wọ́n ti ń ṣe é ní abúlé wọn ní ìhà Ìsẹ́yìn. Ó gbẹ síbẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ó mú ọ̀bẹ, ó ń ha á kúrò lára ògiri sínú àwo. Ìyá Ọ̀kánkán ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Ará oko," ó ní, "o ti gbé oko wá bá wa ní Èkó. Ṣé ká máa retí àgbàdo náà ni?"

Ìyá mi kò tiẹ̀ yíjú. "Ẹ máa retí ẹ̀, ìyá. Ẹja tó ti kú lẹ mọ̀. Ohun tó bá ń hù, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

Ẹ kíyè sí i pé ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá Ọ̀kánkán jù ú lọ, gbogbo èébú tí mo sì gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ní gbogbo àkókò tí a gbé níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ló fi bú u.

Ilẹ̀ àgbàlá wa kò ṣeé gbin nǹkan sí. Irà ni apá ibi tí a ń gbé, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi dúdú á sun jáde, omi náà a sì máa ní iyọ̀ nínú. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi pinnu láti gbin tòmátì rẹ̀ sínú agolo. Bàbá mi tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù ló máa ń mú àwọn agolo ńlá tí wọ́n fi kó òróró wọlé. Erùpẹ̀ dúdú láti Àpápá ni ìyá mi ń bù sínú àpò tó ń rù wálé. Àwọn awakọ̀ lọ́rì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Mo rántí ọ̀kan tó yọ orí síta tó ní, "Madam, ground don finish for Ajegunle?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kàn ń rìn lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí agolo ti rí sí wa nígbà náà. Ẹ̀rọ omi jìnnà, agolo tí kò jò la fi ń pọn omi, òun náà la sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá lu ihò sí ìdí agolo tó dáa, wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé. Torí náà, kò wá sí ìyá mi lọ́kàn láti lu ihò kankan, kò sì wá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lọ́kàn. Ní abúlé wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbin tòmátì sí. Ní Àpápá náà, ilẹ̀ ni. Nígbà tí agolo kò tó, ó lọ sórí ààtàn ẹ̀yìn ilé, ó mú korobá onírin kan tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà tó sì ti lu. Korobá Ìyá Ọ̀kánkán ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jù ú nù. Kò gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣe ló sọ ọ́ mọ́lẹ̀, tó ní ó ti da omi sí òun lára tó.

Tòmátì náà hù. Ìyá mi sún pákó ẹja sẹ́yìn, ó to àwọn agolo rẹ̀ síbi tí oòrùn wà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sún agolo, pákó ti padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n ń sún un lọ sún un bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, láìsọ̀rọ̀. Kíkí kúrò láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì á dúró sínú yàrá títí tó fi máa kọjá. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ Ìyá Ọ̀kánkán ṣeré mọ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn náà. Bí Ìyá Ọ̀kánkán bá sì fọ ẹja rẹ̀ tán, ẹ̀gbẹ́ àwọn agolo wa gan-an ló ti ń da omi iyọ̀ náà sínú gọ́tà, ó sì ń da á láti òkè kó lè ta.

Láàárín àkókò yẹn ni ìdílé òyìnbó náà kó ẹrù wọn padà sí ìlú wọn. Ẹni tó gba ilé náà da sìmẹ́ńtì bo ọgbà, ó ní ejò ni òun ń sá fún. Ìyá mi ti gbin gbogbo hóró tó ní, kò fi ọ̀kan pamọ́, nítorí ó rò pé òun á tún rí i ṣà ní Àpápá. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó lọ dúró sídìí àwọn agolo rẹ̀ kó tó bọ́ gèlè. Ohun tó kù láyé nínú tòmátì yẹn, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ tiwa lè tó, ló wà nínú agolo wọ̀nyẹn.

Wọ́n ti ń yọ òdòdó nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láìdá. Ewé wọn pọ́n, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Igi wọn rọ̀. Ohun funfun kan hù bo ojú erùpẹ̀. Ìyá mi wò ó, ó sì fún ìró rẹ̀ mọ́dìí ní àárín àgbàlá.

"Ìyá, ẹ ti fi omi ẹja yín pa nǹkan mi. Iyọ̀ ló funfun sórí erùpẹ̀ yìí, kí gbogbo ilé wá wò ó."

Ìyá Ọ̀kánkán jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja lọ́wọ́. "Iyọ̀ tí mo rà, kí n wá dà á sórí ewéko rẹ? Iyọ̀ mi níye lórí jù ọ́ lọ."

"Ẹ búra."

"Ta ni kó búra? Ìwọ tí o ń gbin koríko sínú agolo? Ẹni tó ń gbé erùpẹ̀ rù kiri, ẹ ò rí i pé nǹkan ti ń ṣe é tipẹ́?"

Ọkùnrin kan tó ń gbé yàrá ìparí, tí òun náà ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, yọjú. "Una two, na because of leaf?" Bàbá mi ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbé àga rẹ̀ lọ síta.

Gbogbo ilé gbà pé Ìyá Ọ̀kánkán ló ṣe é. Ó ti ń da omi iyọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí mo fi ìka bu ohun funfun náà tí mo tọ́ ọ wò. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ó ń rùn bí ohun tó ti pẹ́ nínú omi ni. Mo ti agolo kan, omi ń mì lábẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Mo ti èkejì, bákan náà. Nígbà náà ni mo wá wo korobá tó ń jò. Omi ń kán tó-tó-tó nídìí rẹ̀. Ewé tòmátì tó wà nínú rẹ̀ dúdú minimini, ó tiẹ̀ ti so. Òun ló sì sún mọ́ gọ́tà tí wọ́n ń da omi iyọ̀ sí jù lọ.

Mo sọ fún ìyá mi nígbà tí àwa méjèèjì wà nídìí ààrò. "Màámi, omi ò ríbi gbà jáde nínú àwọn agolo yẹn. Èyí tó ń jò nìkan ló yè."

Ó ń ro ọbẹ̀. "Ta lo sọ ọ́ fún?"

Mo ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Máa fi ẹnu ẹ jẹun nìkan."

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pe gbogbo ilé jọ, ó ti ní kí àgbàlagbà búra. Báwo ló ṣe máa padà?

Àwọn yòókù kú tán. Ti inú korobá nìkan ló ń so sí i. Nígbà tí Ìyá Ọ̀kánkán rí i pé igi tòmátì yẹn nìkan ló kù, ó lọ sọ́dọ̀ baba onílé, ó ní kí wọ́n bá òun gba korobá òun. Baba náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa sì pé lé e lórí.

"Korobá mi ni, bàbá. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí mo ti fi wáyà so ó."

"Orí ààtàn ni mo ti mú un," ni ìyá mi wí.

"Ṣé ààtàn kò sí nínú ilé tí mo ń gbé ni?"

Ìyá mi ní òun á fún un ní agolo tí kò jò dípò rẹ̀. Ìyá Ọ̀kánkán ní korobá òun ni òun fẹ́. Baba onílé wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti sú u. "Korobá, ti ìyá yìí ni. Tòmátì, tìrẹ ni. Kí ẹ yà wọ́n ní ọ̀la, kí n má sì tún gbọ́ ọ mọ́."

"Baba," ni ọkùnrin yàrá ìparí wí, "thank God say no be pikin."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi mú ìṣó àti òòlù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó mú agolo kan, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ọ̀kánkán jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Ìyá mi gbé ìṣó lé ìdí agolo, ó sì na òòlù sókè. Ẹ ó rántí bí ilé náà ti fún tó. Bí ìṣó bá wọ irin nínú àgbàlá yẹn, kò sí yàrá tí kò ní gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń lu ihò sí agolo, àti ìdí tí wọn kò fi lu ú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Ọ̀kánkán ti dáwọ́ ìpẹ́ híha dúró. Mi ò lè búra pé ó mọ ohun tó ń lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó dáwọ́ dúró, ó sì ń wo ìṣó náà.

Ìyá mi gbé òòlù sílẹ̀. Ó gbé agolo náà dúró bó ti wà, ó bu erùpẹ̀ sí i, ó fa tòmátì náà tu láti inú korobá, ó sì gbìn ín síbẹ̀. Àwọn èso tó ti pọ́n já bọ́ sínú korobá nígbà tó ń fà á. Kò ṣà wọ́n. Ó fi ẹsẹ̀ ti korobá náà sí ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé.

Ìyá Ọ̀kánkán dìde. Ó gbé korobá rẹ̀, ó gbé e lọ sórí ààtàn, ó da ojú rẹ̀ dé pẹ̀lú erùpẹ̀ àti èso inú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó padà wá, ó ní, "Mo ti gba nǹkan mi." Ó sì ń bá ìpẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Tòmátì inú agolo pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀lé e dé, tòmátì hù lórí ààtàn yí korobá náà ká. Ọ̀kan tiẹ̀ gba inú ihò ìdí rẹ̀ yọ. Kò sẹ́ni tó bomi rin ín, ó sì so jìngbìnnì. Mo rò pé inú ìyá mi á dùn. Ó ní ohun tó bá ti inú korobá ẹni yẹn jáde kò ní wọ ẹnu ọmọ òun. Mo gbọ́ tí Ìyá Ọ̀kánkán náà ń sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan oko ará oko yẹn, òun á gé e lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ń lọ ra tòmátì ọbẹ̀ lọ́jà, wọ́n ń rù ú kọjá níwájú ààtàn.

Àwọn ọmọ ilé kejì ló wá ń gba ihò ọgbà wọlé, tí wọ́n ń já a jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi gbọ́ ariwo wọn, ó jáde. Ìyá Ọ̀kánkán náà jáde. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn wà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń kó o sínú àpò ṣòkòtò. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn á ti sọ̀rọ̀. Ọ̀kan pòṣé. Èkejì náà pòṣé. Wọ́n sì wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ tí a kó kúrò nínú ilé náà, ìyá mi kan gbogbo ilẹ̀kùn láti dágbére, àfi ọ̀kan.

Mo ń gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ fún yín pé láyé ìgbà náà, ẹbí ni aládùúgbò jẹ́ fún ara wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Mo gbé ilé tí mo ń sọ yìí, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí èmi lè tọ́ka sí ni pé lónìí, èèyàn lè kórìíra ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìmọ ojú rẹ̀, nítorí olúkúlùkù ní ọgbà tirẹ̀, ẹ̀rọ omi tirẹ̀ àti oòrùn tirẹ̀. Nígbà náà, ó ní láti mọ̀ ọ́n dáadáa, débi pé á mọ korobá rẹ̀ láti ara wáyà tó wà létí rẹ̀. Ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń gbé tírélà sí. Tòmátì wẹ́wẹ́ náà sì ti wà nínú ike pẹlẹbẹ ní ilé ìtajà, ẹnikẹ́ni lè rà á.

Ọmọbìnrin mi ra hóró rẹ̀ fún mi, inú ike ọ̀dà ni mo sì ń gbìn ín sí níwájú ilé. Kí n tó bu erùpẹ̀ sí ike kankan, mo máa ń da ojú rẹ̀ dé sórí sìmẹ́ńtì níta gbangba, màá sì fi ìṣó àti òòlù lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ọmọ mi ní bí mo bá fi irin gbígbóná lu ú, á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní pariwo.

Mo mọ̀. Ariwo náà ni mo fẹ́.